Okùn Ìlà Gólì

Ọjọ́rú ni, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ni mo kọ́kọ́ dúró sẹ́nu gólì. Aago náà dá mi lójú torí pé agogo ìparí ẹ̀kọ́ ń dún lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ náà dá mi lójú pẹ̀lú, torí pé nígbà náà Ọjọ́rú nìkan ni pápá máa ń ṣófo fún àwa ikọ̀ họ́kì obìnrin. Àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ọjọ́ yòókù. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èyí tí mo fojú ara mi rí, màá sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, màá sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ta ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí tó ń ròyìn iṣẹ́ ayé rẹ̀ bí arúgbó tó jókòó sábẹ́ igi? Èmi náà rò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ́lé tí mo ṣe nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Enugu, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní ọ̀gá, tó sì ní òpin, ó pé iṣẹ́. Àwọn àbúrò tó wà nílé-ẹ̀kọ́ náà báyìí ló ń tẹ̀ mí láago: "Àǹtí Rófíà, ṣé kí n ṣe aṣọ́lé àbí kí n gbájú mọ́ ìwé mi?" N kò lè dáhùn lójú kan. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Kí ẹ má baà ṣìnà: họ́kì tí mo ń sọ kì í ṣe ti orí yìnyín. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló máa ń wá a lórí fóònù, tí wọ́n á rí àwọn òyìnbó tó ń yọ̀ ṣùùrù lórí omi dídì, tí wọ́n á wá bi mí pé níbo ni Enugu ti rí yìnyín. Yìnyín tí a ní kò ju ti inú kúlà ẹni tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì lọ. Orí ilẹ̀ pupa ni àwa ti ń ṣe é, ilẹ̀ tó le bí àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu bí ìkọ́, bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí òkúta, àwọn obìnrin mọ́kànlá lápá kan, mọ́kànlá lápá kejì. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà ni yóò dúró níwájú àwọ̀n, tí wọ́n á máa fi òkúta yẹn lù.

Bí wọ́n ṣe mú mi kò gùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wọ kíláàsì wa, ó ní aṣọ́lé òun ti parí ẹ̀kọ́, ó sì béèrè pé: "Ta ni ajá ti lé rí nínú yín tí kò sá?" Mo nawọ́ sókè torí pé òótọ́ ni. Ajá kan wà ládùúgbò wa ní Abakpa, ìgbà tó lé mi, mo dúró, òun náà sì dúró. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń fi ìbéèrè náà wá. Ní ti owó, owó kéké, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni wọ́n ń fún wa, àti búrẹ́dì àti ẹ̀pà lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Nwakaego ni orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ṣùgbọ́n "Ma" nìkan ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fèrè rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn. Pidgin ló ń bá wa sọ, tí inú bá bí i, Igbo ni. Yorùbá tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, èmi ni mo tún un sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ń rìn bọ̀ wá sẹ́nu gólì, bẹ́ẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Ó dúró. "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo ń kí yín ni, Ma."

"Bọ́ọ̀lù ò ní dá ọ lóhùn. Dìde. Ẹnu gólì kọ́ ni wọ́n ti ń kíni."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni Fọlákẹ́, balógun ikọ̀ wa, tó máa ń gbá ẹ̀yìn níwájú mi. Ọmọ Yorùbá ni òun náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Enugu láyé òyìnbó, wọn kò sì padà sílé mọ́. Wọ́n bí i síbẹ̀, wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin ló dùn lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá rẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè tó ń sinmi ni. Ó fi ọdún kan ṣíwájú mi nílé-ẹ̀kọ́, mo sì ń pè é ní Àǹtí Fọlákẹ́.

"Rófíà," ló wí, "má ṣe àǹtí mi lórí pápá. Kó o tó sọ àǹtí tán, gólì ti wọ."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ó tún sọ ọ́!"

Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni màá kọ́kọ́ kọ́. Ìlà ni mo kọ́. Kò sí ẹfun tí wọ́n fi ń kun pápá nílé-ẹ̀kọ́ wa, tàbí kí n sọ pé n kò rí i rí. Eérú la fi ń fa ìlà, eérú ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn géètì, tí a máa ń jọ̀ kí ẹ̀yinná má baà wà nínú rẹ̀. Àṣà ikọ̀ wa sì ni pé aṣọ́lé ló ń fa ìlà ẹnu gólì. Ma ní ẹnu ọ̀nà ẹni ni, ẹlòmíràn kì í báni gbá a. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ Ma tí wọ́n ti fi iná jó etí rẹ̀ kan kó má baà tú. Wàá so ó mọ́ ìdí òpó kan, wàá ta á dé ìdí òpó kejì kó le dandan, wàá wá máa gbọn eérú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti inú agolo mílíìkì tí wọ́n lu nídìí. Tí a bá yí ìhà padà láàárín eré, Ma fúnra rẹ̀ á tún fa òmíràn síbi tí aṣọ́lé ń lọ, torí pé atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí eérú pẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti mọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, mo rò pé mo lè fi ojú wọ̀n ọ́n. Mo fa ìlà náà láìta okùn. Lójú mi, ó tọ́. Ma dé, ó kàn ń fi bàtà rẹ̀ pa á rẹ́ láti òpó dé òpó, eérú ń fò sókè. Nígbà tó parí, ó ju okùn sí mi láyà.

"Okùn ló mọ òótọ́," ló wí. "Ojú a máa ṣe ojúsàájú. Níjọ́ tó bá wù ọ́ kó má wọlé, ojú rẹ á fà á sẹ́yìn fún ọ."

Mo délé, mo rojọ́ fún bàbá mi. Ará Ọ̀ffà ni bàbá mi, iṣẹ́ àga onítìmùtìmù ló ń ṣe ní Abakpa láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Mo ní obìnrin yìí le jù, eérú lásán ni. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń kan awọ mọ́ àga.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Ó le, ó le, àbí ó parọ́?"

Mo rò ó wò. N kò lè sọ pé ó parọ́.

"Ó dáa. Fi ẹsẹ̀ rẹ hàn mí."

Ojúgun mi ti dúdú látàrí bọ́ọ̀lù. Páàdì tí mo bá nílé-ẹ̀kọ́ ti gbó, àárín rẹ̀ ti ṣófo. Bàbá mi wò ó, ó pòṣé, ó sì rán páàdì tuntun fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ náà: fóòmù líle tí wọ́n fi ń ṣe ìjókòó, awọ dúdú tí wọ́n fi ń bo àga, àti bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ àlòkù tó lọ rà lọ́jà Gariki láti fi so ó. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ dé pápá, Fọlákẹ́ ní: "Ẹ wá wo àga onítìmùtìmù tó ń rìn." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi. Ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá lọ, wọ́n á máa kígbe pé, "Àga! Àga!" Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ bà á, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Bọ́ọ̀lù họ́kì kì í sábà fò. Ilẹ̀ ló ń gbà. Ìkúnlẹ̀ tí Ma fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló wá di ọgbọ́n mi. Orúnkún tó ti ń kí àgbà láti kékeré máa ń yá. Ma ṣàkíyèsí rẹ̀ kí èmi tó mọ̀. Ó ní: "Ìkíni yẹn, máa kí bọ́ọ̀lù. Èmi ni kó o má kí." Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ohun tí ẹ kọ́ nílé kò wúlò nídìí iṣẹ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Ṣé mo gbádùn iṣẹ́ náà? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyẹn, òun ló sì ṣòro jù. Ara mi kì í balẹ̀. Àwọn tó kù ń sáré, àárẹ̀ ń mú ẹ̀rù kúrò lára wọn. Aṣọ́lé dúró sójú kan, gbogbo ẹ̀rù eré náà ń wá bá a níbẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́nà jíjìn, mo máa ń fọwọ́ kan òpó òsì, màá fọwọ́ kan òpó ọ̀tún, màá tún padà. Nínú kéké láti Abakpa, n kò lè jókòó jẹ́ẹ́; awakọ̀ kan bi mí rí bóyá eèrà wà lórí ìjókòó òun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ alákàn bóyá ó ń sinmi.

Ọdún tí mo máa ṣe kẹ́yìn nílé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Fọlákẹ́ tún padà wá ṣe ọdún kan sí i nítorí iṣẹ́ ìwé kan tí kò yege nínú rẹ̀, nítorí náà òun ṣì ni balógun wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọ̀gá tó ń mójú tó eré ìdárayá kó wa jọ sí pápá. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kọ́ ilé gbígbé tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pápá wa ni wọ́n sì ń wò. Tí ikọ̀ yìí bá yege láti lọ sí ìdíje gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún náà, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Tí kò bá yege, kò sí ìdí tí pápá fi gbọ́dọ̀ wà fún eré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ma dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ká okùn búlúù yẹn mọ́ ìgúnpá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní: "Ẹ gbọ́. Ó yá, ẹ sáré yí pápá ká."

Irinṣẹ́ wa sì yí padà lọ́dún yẹn. Obìnrin kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ wa rí, tó ti wà lókè òkun, fi àpò kan ránṣẹ́. Àwọn ọ̀pá tuntun wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe igi, wọ́n fúyẹ́, ohùn wọn lára bọ́ọ̀lù yàtọ̀, ó ń dún pákì bíi pé nǹkan fọ́. Igi àtijọ́ máa ń mu omi nígbà òjò, a sì máa ń fi òróró pa wọ́n lára. Èyí kò béèrè ìtọ́jú. Páàdì aṣọ́lé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, funfun, ó le, ó ń ta bọ́ọ̀lù padà. Ìdè rẹ̀ jẹ́ ti ike, wàá tì í bọ inú ihò, á dún kọ́, ó parí. Gbogbo wa dunnú. Bàbá mi gbé e wò, ó tẹ ìdè náà léraléra.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n èyí tó bá fọ́ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ò lè rán an."

N kò lè sọ pé àwọn irinṣẹ́ náà ló mú wa máa borí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù pápá tó ń lé wa. Ohun tó dá mi lójú ni pé a borí ju bí a ṣe máa ń borí lọ, a sì dé eré ìkẹyìn tó jẹ́ pé ọ̀mì lásán ti tó wa. Tí a bá ti ta ọ̀mì, a ti yege. Ikọ̀ tí a máa pàdé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, orí pápá wa sì ni.

Ọyẹ́ ti wọlé lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀, mo ta okùn, mo fa ìlà ní gólì méjèèjì, Ma sì yẹ̀ wọ́n wò. Ó fi ojú sí òpó bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé, ó mi orí pé ó tọ́. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù wá. Kò wá wo eré mi rí, ó ní ọkàn òun kò gbà á. Ó jókòó sórí àga pákó tó gbé wá láti ilé, torí kò fọkàn tán àga ibòmíràn.

Apá àkọ́kọ́ parí láìsí gólì. Ṣùgbọ́n kí fèrè tó dún, ọ̀pá kan gbá mi lẹ́sẹ̀, ìdè oníke ti páàdì òsì sì dá sí méjì. Nígbà tí mo rìn jáde, páàdì náà ń fì lẹ́sẹ̀ mi bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti já. Bàbá mi ti dìde.

"Mo sọ tàbí n kò sọ?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Fún mi ní nǹkan tí n ó fi dì í. Kíá."

Ohun tó wà nítòsí ni okùn búlúù Ma, lórí àpò bọ́ọ̀lù. Bàbá mi mú un, ó kúnlẹ̀ lórí eruku, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ páàdì àti ẹsẹ̀ mi, ó ń fà á le bí ẹni tó ń so ìdí àga. Láti ìpẹ̀kun pápá mo gbọ́ ohùn Ma, tó dúró pẹ̀lú agolo eérú lọ́wọ́ lẹ́nu gólì tí mo ń lọ.

"Okùn dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi, Màdáámù!" bàbá mi kígbe dá a lóhùn.

Rẹfirí ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ma wo rẹfirí, ó wo ilẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eérú láti òpó kan lọ sí òpó kejì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó fa ìlà láìta okùn rí. Nígbà tí mo dé ẹnu gólì, mo rí i. Ìlà Ma bẹ̀rẹ̀ dáadáa nídìí òpó ọ̀tún, ó parí dáadáa nídìí òpó òsì, ṣùgbọ́n láàárín ó tẹ̀ sẹ́yìn sápá àwọ̀n bí ìdí àwo. Níwájú rẹ̀, èyí tí mo fi okùn fà láàárọ̀ ṣì wà, ó ti ṣá, ó ti já níbì kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé rí. Mo nawọ́ sókè sí Ma. Fèrè ti dún.

Wọ́n gbá wa ní apá kejì yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀pà. Eruku kò jẹ́ kí n rí ju iwájú mi lọ. Ó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n rí kọ́nà gbà. Ọmọ wọn kan gbá a, ó bà mí ní páàdì, ó ta sókè díẹ̀, ó já sẹ́yìn mi. Mo yí, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ lé e. Fèrè dún. Gbogbo ènìyàn sáré wá.

Mo wo abẹ́ ọwọ́ mi. Bọ́ọ̀lù náà wà lórí ìlà Ma. Ó ti kọjá ìlà àárọ̀.

Nínú họ́kì, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ré ìlà kọjá pátápátá kó tó di gólì. Tó bá jẹ́ pé ìlà Ma ni ìlà, kò wọlé, a ta ọ̀mì, pápá wà. Tó bá jẹ́ ti àárọ̀, ó wọlé.

"Èwo ni ìlà níbí?" rẹfirí béèrè.

"Tuntun ni!" Fọlákẹ́ ti wà láàárín wa. "Ojú yín ni wọ́n ṣe fà á, Sà! Ẹ wà níbẹ̀!"

"Ìlà wo?" Balógun tiwọn fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Ṣé ìlà nìyí àbí ọ̀nà oko? Ìlà yín ti mutí yó!"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, tí ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀?" Fọlákẹ́ dá a lóhùn.

"Ẹ dákẹ́." Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Gólì, ìwọ lo nilé. Èwo ni ìlà rẹ?"

Fọlákẹ́ fọwọ́ lé mi léjìká. Yorùbá ló sọ, kí àwọn yòókù má baà gbọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Rófíà. Jọ̀ọ́. Ṣáà dákẹ́. Èmi á sọ̀rọ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé kò ní kí n parọ́. Ó ní kí n dákẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún rẹfirí náà kì í sì í ṣe irọ́. Tuntun ni ìlà náà, ojú rẹfirí ni wọ́n sì ṣe fà á. Mo gbójú sókè wo Ma. Ó dúró lẹ́yìn ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí òfin ní kó dúró, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, kò fọn ọ́n, kò mi orí, kò ṣẹ́jú. N kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀ tí mo lè dì mú. Mo gbìyànjú láti fi ojú wọn ìlà méjèèjì láti òpó dé òpó. Lójú mi, lọ́jọ́ náà, ti Ma ló tọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ó wù mí kó tọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Kò tú. Bàbá mi ti so ó bí ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ ju òun lọ. Gbogbo wọn dúró lórí mi, wọ́n ń wò. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ohùn bàbá mi dé: "Fa apá tó jó! Apá tó jó ni kó o fà!"

Mo fà á. Ó tú. Mo gbé e fún rẹfirí. "Okùn la fi ń fa ìlà wa, Sà. Ẹ ta á."

Òun di etí kan mú nídìí òpó kan, balógun tiwọn di èkejì. Okùn náà le. Ó bọ́ sórí ìlà àárọ̀ bí ìgbà tí wọ́n dà á síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè jẹ́rìí sí. Nígbà tí mo ń tú okùn, ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò, ẹsẹ̀ ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Mo mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà nígbà tí mo gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo mọ ibi tó wà nígbà tí okùn le. N kò mọ̀ bóyá ohunkóhun kàn án láàárín ìgbà méjèèjì. Mo ti rò ó títí, kò kúrò níbi tó wà. Rẹfirí ní gólì ni. Eré parí bẹ́ẹ̀.

Fọlákẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lójú pápá, ó rìn kọjá lára mi láìwọ bàtà. "O ṣé," ló wí. "O fi okùn fún wa." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀ nílé wa. Wọn kì í sọ bí ẹni tó gbé e lọ sọ́jà ṣe ń gbé e padà wálé. Nínú kéké, mo bi bàbá mi bóyá ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà tó kígbe pé kí n fa apá tó jó. Ó ní òun rò pé ẹsẹ̀ ló ń ro mí ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó wojú òde títí a fi dé Abakpa. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

Ní ti Ma, ohun tó ṣe nìyí, mo sì fojú mi rí i kí n tó kúrò ní pápá. Ó wá sẹ́nu gólì nígbà tí àwọn àlejò ti ń wọ ọkọ̀. Ó mú okùn nílẹ̀, ó ká a mọ́ ìgúnpá. Ó wo ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fà. Lẹ́yìn náà ó fi bàtà rẹ̀ pa á rẹ́ láti òpó dé òpó, ó fi ti àárọ̀ sílẹ̀. Ó kàn ní: "Bọ́ páàdì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ á wú."

Mo gba ìwé ẹ̀rí mi lẹ́yìn ìgbà náà, iṣẹ́ aṣọ́lé mi sì parí. Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò lè sọ pé kí ẹ ṣe é, n kò sì lè sọ pé kí ẹ má ṣe é. Mo lè sọ pé títí di òní, tí mo bá wọ yàrá èyíkéyìí, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ ń wò, n kò sì lè jókòó kí n kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ń sọ nípa pápá náà. Ẹnì kan ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé níbẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n ti dá a dúró. Wọ́n ní Ma ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ sí abúlé rẹ̀. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ó ṣì ń bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú. Ìgbà tí mo pe Fọlákẹ́, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Independence Layout. Nígbà tí kéké dé ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo ní kí awakọ̀ jẹ́ kí n sọ̀. Òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù wà ní ìpẹ̀kun pápá kan, koríko ti hù lára yanrìn náà. Kò sí ènìyàn. Ní ìpẹ̀kun kejì, òpó gólì ṣì dúró. Okùn búlúù kan wà nídìí wọn láti òpó dé òpó, ó le dandan, etí rẹ̀ kan jó. Eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn kò tíì gbé e. Mo kúnlẹ̀, mo fi ojú wọ̀n ọ́n lára okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tọ́.